Ẹni Tí Mo Ń Bá Sọ̀rọ̀ Lọ́jọ́ Àtàláátà

Hull, England
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹsàn-án, 2024

Màmá mi,

Asàláámù aléékúmù. Ẹ kú ọjà, ẹ kú òjò. Tàófíìk àbúrò mi sọ fún mi pé omi tún ya wọ ṣọ́ọ̀bù yín, pé ẹrù ọ̀rá ìdìjà méjì ló bàjẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run Ọba á fi èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò. Ẹ bá mi kí bàbá mi bí wọ́n bá ti oko Àgọ́ Aláyè dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ sọ fún Tàófíìk pé bàtà tó ní kí n rà, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni kó wọ̀n, kó yéé wọn ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ni, mi ò pè, nítorí bí mo bá pè yín, ẹ máa ń ṣí fóònù sílẹ̀ gbàgà kí gbogbo ọjà lè bá wa gbọ́, ẹ ó sì tún ní kí n kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti gbogbo ọjà. Wùnmí tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ wálé wá sìnkú bàbá rẹ̀ l'Óǹdó. Òun ni yóò gbé lẹ́tà náà dé Ore fún yín.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọkọ.

Nígbà tí ẹ bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé níbo ni mo wà tí ẹ pè títí lọ́jọ́ Àtàláátà tí mi ò gbé fóònù, mo ní mo wà lọ́dọ̀ ẹnì kan tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rántí ohun tó túmọ̀ sí lẹ́nu wa. Mo gbọ́ tí ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo gbọ́ tí Ìyá Mùínàt ti ṣọ́ọ̀bù kejì ń bèèrè bóyá òyìnbó ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àǹtí mi ní Ìwó ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ṣé ó ń kírun.

Obìnrin ni ẹni náà. Helen ni wọ́n ń pè é, ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó lọ́kọ, ó sì ní ajá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ wá jókòó síwájú rẹ̀, kí ó sọ ohun tó ń ṣe é, kí àwọn méjèèjì sì jọ wá bí yóò ṣe fúyẹ́. Dókítà àdúgbò wa ló ní kí n lọ. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí oògùn. Àádọ́ta ìṣẹ́jú la fi ń sọ̀rọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ìgbà mẹ́rìndínlógún ni wọ́n sì fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tíì lọ.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ rèé. Ẹ mọ̀ pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti bí ọdún kan báyìí, mi ò lè gbé ife fún ẹnikẹ́ni kí n má kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ìbáà jẹ́ omi, ìbáà jẹ́ tíì, tàbí oògùn àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni tẹ́lẹ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Màá dà á nù, màá bu òmíràn, màá tún gbóòórùn ìyẹn náà. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òǹgbẹ ni màá fi pa òun. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Keje, ife bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì jókòó sínú omi náà nílẹ̀, mi ò lè dìde. Ọ̀gá mi ló mú mi lọ rí dókítà.

Orí mi pé o, Màmá. Mò ń jẹun, mò ń kírun, mò ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ bá mi sọ fún àǹtí mi pé kò sí ọkọ. Ẹ má sọ èyí tó kù.

Ọmọ yín tó ń fi ìkúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn,
Rọ́fíàt


Ore
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, 2024

Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

Wáálékúmù sàláàm. Ara wa le. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, wọ́n ní kòkó ọdún yìí so, bí òjò bá lè dáwọ́ dúró kí wọ́n rí oòrùn sá a. Wùnmí gbé lẹ́tà rẹ dé. Kò jókòó, ó ní ọkọ̀ ń dúró de òun lójú títì. Mo fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó ní wọn kì í gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú. Mo ní kó jẹ ẹ́ l'Óǹdó.

Mo ti sọ fún wọn pé kò sí ọkọ. Ìwọ kò mọ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ìyá Mùínàt ní mo kàn ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún òun ni, kí n má baà pe òun síbi ìdána. Àǹtí rẹ ti ka iye àpò ìrẹsì. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń sọ fún un pé obìnrin ni, ó sì wá bi mí pé ṣé obìnrin náà ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìwé mẹ́fà tí mo kà, ọjọ́ náà ló wúlò jù lọ. Ibi tí o ti ní ọkàn rẹ kò balẹ̀ ni ojú mi dúró sí. Mo rò pé àrùn ọkàn ni, irú èyí tó pa Afọlábí tó ń ta táyà. Mo lọ bá Nọ́ọ̀sì Ọlọ́runyọmí tó máa ń ra ọ̀rá lọ́wọ́ mi, mo ní ọmọ ẹnì kan ni. Ó ní kì í ṣe àrùn ọkàn, kì í sì í ṣe wèrè. Ó ní àwọn tí wọ́n bá yọ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà wa yìí, tí egbò wọn ti jinná tí wọn kò sì lè wọ mọ́tò mọ́, irú ìtọ́jú yẹn ló yẹ wọ́n, àwọn tó ń ṣe é ni kò pọ̀. Ó wá wò mí lójú, ó ní kí n sọ fún ọmọ ẹni náà pé kó má dá a dúró. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀.

Nítorí náà, lọ. N kò ní dí ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ tèmi. Ó dùn mí. Kí ni o lè sọ fún obìnrin alájá tí o kò lè sọ fún èmi? Ohun tó bá dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, mo gbà, ṣùgbọ́n ilé ẹni la ti ń sọ ọ́. Ṣé ó mọ ọjọ́ tí mo bí ọ lábà, tí òjò ń ti orí òrùlé kán sí mi lójú? Bó bá bi ọ́ nípa mi, kí lo máa ń sọ? Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. N kò fẹ́ kí ó jẹ́ pé òyìnbó ló máa mọ irú ìyá tí mo jẹ́ ju èmi fúnra mi lọ.

Ní ti ife tí o ń gbóòórùn rẹ̀, ìmọ́tótó nìyẹn. Èmi náà kì í mu omi tí n kò bá gbóòórùn rẹ̀, n kò sì torí rẹ̀ lọ bá ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá rẹ ni kò mọ̀ pé ọmọ tí a kọ́ ni ọ́.

Aláńfáà wa ti ṣàdúà. Mo fi lẹ́tà yìí rán àwọn tó ń kó ìwé lọ sí òkè òkun ní ìkóríta. Wọ́n ní yóò dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá dé, àwọn ni kí o bínú sí.

Èmi ìyá rẹ tí kò ní kí o má sọ̀rọ̀


Hull
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kọkànlá, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú àdúà, ẹ kú àfojúsọ́nà. Lẹ́tà yín dé, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló lò. Mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ àǹtí mi títí Wùnmí fi wá bi mí pé kí ló dé.

Ẹ bi mí pé kí ni mo máa ń sọ nípa yín. Mo sọ fún un pé ẹ ń ta ọ̀rá l'Ore, pé ẹ lè ka ẹrù ọgọ́rùn-ún láìwo ọwọ́, pé ẹ kì í jẹ́ kí n fọ abọ́ ní ọjọ́ ìdánwò. Mo sọ pé ẹ kì í lọ sí Àgọ́ Aláyè mọ́, pé bàbá mi ló máa ń wá bá yín lọ́jọ́ Jímọ̀, àti pé orúnkún ni ẹ fi ń kẹ́wọ́. Ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó fún mi ní iṣẹ́ ṣe. Kí n gbé ife kan lóòjọ́ fún ẹnì kan láìgbóòórùn rẹ̀, kí n sì kọ iye tí ẹ̀rù fi bà mí, láti orí òdo dé orí mẹ́wàá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mẹ́wàá ni. Mo dúró ti bàbá àgbà yẹn títí ó fi mu tíì rẹ̀ tán, mo tún padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin bóyá ó ṣì ń mí. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó di méje. Ó ń ṣiṣẹ́, Màmá, díẹ̀díẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí pé ìgbà wo ni mo rántí pé mo kọ́kọ́ bẹ̀rù ohun tí ènìyàn ń mu. Mo wo àga títí àkókò wa fi pé. Mo mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún àjèjì kí n tó sọ fún yín. Ohun tí mo kọ ìwé yìí fún gan-an nìyí, gbogbo èyí tó ṣáájú, mo kàn ń rìn yí i ká ni.

Mo fẹ́ béèrè nípa Zubair, ẹ̀gbọ́n mi.

Mi ò gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu yín rí láti ọdún 2003. Tàófíìk kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Ohun tí mo rántí ni pé ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ìyá Zubair ni gbogbo abà ń pè yín. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Rọ́fíàt ni. Ọmọ ọdún méje ni mí. Mo dúró lẹ́yìn ilé, mo gbọ́ bí wọ́n ti ń pè yín ní orúkọ mi, ẹ sì ń dáhùn, mo sì rò pé wọ́n ti mú mi, pé wọ́n fi orúkọ náà kọ́ mi lọ́rùn kí n lè máa rántí. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá pè yín ní Ìyá Rọ́fíàt, mo máa ń wẹ̀yìn wò.

Ṣé ẹ ń bínú sí mi ni? Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi sọ ọ́ rí?

Ọmọ yín,
Rọ́fíàt


Ore
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kọkànlá, 2024

Rọ́fíàt,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ara wa le.

Ṣé o kò mọ àṣà ilé rẹ mọ́ ni? Òkú ọ̀fọ̀ ni. Bàbá àti ìyá kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ wọn lọ, wọn kì í sì í fojú rí sàréè rẹ̀. Gàzálì àbúrò bàbá rẹ ló sin ín, n kò sì bi í léèrè ibi tó sin ín sí. A kì í dárúkọ rẹ̀ kí ọ̀fọ̀ má baà padà wá. Bí wọ́n ṣe ṣe fún ìyá mi nìyẹn nígbà tí tirẹ̀ ṣẹlẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe fún èmi náà nìyẹn.

Ní ti orúkọ, kò sẹ́ni tó fi jẹ ọ́ níyà. Màmá Ẹfúnróyè tó ni ilé tí à ń gbé nígbà náà ló kọ́kọ́ pè mí ní Ìyá Rọ́fíàt nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn obìnrin yòókù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àánú ni wọ́n fi ṣe. Bí wọ́n bá ń pè mí ní ti tẹ́lẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi dáhùn? Ìwọ ni mo rí dì mú lọ́jọ́ náà. Orúkọ rẹ ló jẹ́ kí n jí lọ́jọ́ kejì.

Kò sí ẹni tó ń bínú sí ọ. Ọ̀rọ̀ náà ti tán láti ọjọ́ yìí. Má kọ ọ́ sínú ìwé mọ́, nítorí Tàófíìk máa ń tú àpótí mi wá gègé ìkọ̀wé.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi. O ní o rò pé wọ́n ti mú ọ. Kí lo ṣe?

Ìyá rẹ


Hull
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejìlá, 2024

Màmá mi,

Ẹ forí jì mí, màá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan yìí. Ẹ kà á tán, kí ẹ dáná sun ún tí Tàófíìk kò bá ní í rí i.

Ọjọ́ tí a ń fọ́ kòkó ni. Ẹ̀yin àti bàbá mi wà nísàlẹ̀ oko, èmi ń ṣọ́ ilé. Zubair ti ń ru kòkó láti òwúrọ̀, ó wọlé, òógùn bò ó, ó ní, "Rọ́fíà, bá mi wá omi." Ìkòkò omi ti gbẹ, odò sì jìnnà. Mo wọ inú yàrá. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lábẹ́ aṣọ oko bàbá mi. Mo rò pé ẹ fi pamọ́ de àlejò ni. Mo mọ̀ pé olè ni mo ń jà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn sí mi, nítorí a ti jà lánàá rẹ̀. Mo gbé e lé e lọ́wọ́. Èmi ni mo tilẹ̀ bá a ṣí ìdérí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ nítorí omi kòkó.

Ó mu ún lẹ́ẹ̀mejì kó tó mú un kúrò lẹ́nu. Ó ní ó korò. Mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, mo gbé ìgò náà jù sáàárín èèpo kòkó, mo sì sá lọ sẹ́yìn ilé. Ìgbà tí ẹ dé, mo ní mi ò sí nílé. Wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà láàárín èèyàn méjì lọ sí Ore, kò sì padà wá. Gbogbo ènìyàn ní ó ṣèèṣì mu oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó ni. Kò sí ẹni tó béèrè pé ta ló gbé e fún un. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń retí kí ẹnì kan béèrè.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ẹ ti béèrè, mo ti sọ. Mi ò tíì sọ ọ́ fún Helen. Mo ń dúró de èsì yín.

Rọ́fíàt


Hull
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kejì, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rò pé lẹ́tà mi ti sọnù, ṣùgbọ́n àwọn tó gbé e fi ìwé hàn mí pé ẹ fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìíní. Ọjọ́ tí mo sì pè yín lẹ́yìn ìgbà náà, owó ọ̀rá nìkan la sọ. Ìyá Mùínàt kí mi, Tàófíìk kí mi, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ tó wá ra ọ̀rá náà kí mi. Ó dà bíi pé ẹ pe èrò jọ kí a má baà ku àwa méjì.

Wọ́n ti gbé mi kúrò lọ́dọ̀ àwọn arúgbó, ibi ìfọṣọ ni mo wà báyìí. Ẹ̀rù náà ti padà sórí mẹ́wàá. Ọ̀gá mi ní bí ó bá fi di oṣù Karùn-ún tí mi ò tíì lè gbé oògùn fún ènìyàn, òun kò mọ iṣẹ́ tí òun tún lè fi mí sí. Ìgbà mẹ́rin ló kù fún mi lọ́dọ̀ Helen. Mo ń lọ, mo ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Ẹ bínú sí mi bí ẹ bá fẹ́, Màmá. Ẹ bú mi. Ṣùgbọ́n ẹ kọ nǹkan kan. Èyí tí ẹ dákẹ́ yìí ni mo mọ̀ láti kékeré, mi ò sì lè gbé e mọ́.

Rọ́fíàt


Ore
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta, 2025

Àwẹ̀ró ọmọ mi, Àwẹ̀ró ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ẹ kú ààwẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Má bínú pé mo pẹ́. Kì í ṣe ìwọ ni mo ń bínú sí. Bí mo bá ti gbé gègé, ibi "ọmọ mi" ni ọwọ́ mi ń dúró sí.

N kò mọ̀ pé ìwọ lo gbé e fún un. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ọjọ́ tí mo kà á ni mo mọ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, mo ní orí ń fọ́ mi.

Jẹ́ kí n sọ èyí tí ìwọ náà kò mọ̀. Èmi ni mo da oògùn kòkó sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Gálọ́ọ̀nù tí bàbá rẹ fi ń gbé e ti lu, ó ń jò sílẹ̀ nínú ahéré, owó gọbọi sì ni wọ́n fi rà á. Mo wá ìgò, èyí tó wà nítòsí ni ìgò tí bàbá rẹ mu lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo dà á síbẹ̀, mo dé e, mo fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ bò ó. Mo ní bí a bá ti oko dé, màá sọ fún un. Àwọn tó ń ra kòkó dé sí wa lóko, mo sì gbàgbé.

Nígbà tí ó ṣẹlẹ̀ tán, bàbá rẹ ni gbogbo ojú ń wò, nítorí òun ló ń fín kòkó. Wọ́n bi í pé ṣé òun ló gbé e síbẹ̀. Ó dorí kodò. Ó ní bóyá òun gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, òun kò rántí mọ́. Mo wà níbẹ̀, Rọ́fíàt. Mo gbọ́. N kò la ẹnu mi. Láti ọjọ́ náà, bàbá rẹ kò gbé ẹ̀rọ ìfínkòkó kọ́ ẹ̀yìn mọ́, ó ń gba èèyàn ṣe é, a sì ń pe ìyẹn ní ọ̀lẹ. Èmi kò sì lè máa wo ojú rẹ̀ lójoojúmọ́, ni mo bá ní orúnkún ń dùn mí, mo wá ń ta ọ̀rá l'Ore. Mo fi àṣà bo ara mi. Wọ́n ní kí ìyá má dárúkọ rẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Lẹ́tà rẹ ti oṣù Kejì dé ní ọ̀sẹ̀ tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó dé ni mo ti lọ sí Àgọ́ Aláyè. Mo gun ọ̀kadà, mo sọ fún ọlọ́kadà pé kó rọra, ó rò pé ọ̀nà ni mò ń bẹ̀rù. Bàbá rẹ ń sá kòkó, ó ń fi ẹsẹ̀ yí i. Mo dúró létí ẹní kòkó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, tèmi àti tìrẹ. Kò dúró. Ó yí kòkó náà dé ìpẹ̀kun, ó yí i padà wá. Ó wá ní, "Máa lọ sílé. Má tíì bá mi sọ̀rọ̀."

Jímọ̀ mẹ́ta ni kò yọjú. Tàófíìk ń bi mí pé ṣé ìjà ni. Mo sọ fún un pé ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zubair, tó fẹ́ràn iṣu sísun, tó máa ń pọ̀n ọ́ bí ẹ bá ń ti odò bọ̀. Ó bá sunkún bí ọmọdé, ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Ní Jímọ̀ kẹrin, bàbá rẹ dé. Ó jókòó títí a fi ṣínu. Ó ní òun kò tíì lè dárí jì mí, kí n má sì tíì bẹ òun. Ó ní ṣùgbọ́n òun ti ń sùn. Ó ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé bí ọmọ ọdún méje bá rí ìgò ẹlẹ́rìndòdò, kí ló tún yẹ kó pè é? Pé kí o má gbé ohun tí àgbà gbé sílẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo ti kọ ọ́.

Ohun tèmi rèé. Ìwọ kò pa á. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí o bá òun wá nǹkan mu, o sì wá a. Bí o bá fẹ́ bínú sí ẹnì kan, èmi rèé, bínú, mo lè gbà á. Lọ́jọ́ Àtàláátà tó ń bọ̀, sọ fún Helen. Má sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ mọ́. Sọ ìgò, sọ ẹ̀yìn ilé tí o sá sí, sọ èrín tí o rín. Sọ tèmi náà.

Nọ́ọ̀sì Ọlọ́runyọmí ní obìnrin kan máa ń ti Òǹdó wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà. Mo ní òun náà mọ bí Ore ṣe rí, bí mo bá wọ ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì, ọjà á ti ní mo ń kú lọ, wọ́n á ti pín ọ̀rá mi. Bóyá màá lọ tó bá yá. Èyí tí mo fẹ́ báyìí ni pé kí o bi Helen léèrè bóyá ó máa ń gba ìyá àti ọmọ pọ̀, bóyá nínú ìgbà tó kù fún ọ, ó lè yọ̀ǹda ẹ̀ẹ̀kan fún wa lórí fóònù. N kò gbọ́ èdè rẹ̀, kò sì gbọ́ tèmi. Ìwọ ni yóò máa túmọ̀. Bí mo bá ń sọ tèmi, má bá mi rọ̀ ọ́, má sì bá mi dín in kù nítorí pé ìyá rẹ ni mí. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí o ṣe sọ ọ́ fún un.

Èmi ni, ìyá tó bí ẹ̀yin mẹ́ta.